Kọ́ọ̀sì fídíò lórí egungun inú sẹ́ẹ̀lì àti àrùn ọkàn: ó dáa o, ṣùgbọ́n wọ́n fi òpó ẹ̀jẹ̀ ṣeré

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ọ̀rá tó dí òpó ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń fa àrùn ọkàn, ẹ lọ wo kọ́ọ̀sì yìí. Ọ̀rọ̀ àwọn purotéènì tó ń gbé sẹ́ẹ̀lì ró látinú ni wọ́n ń sọ, àti ohun tójú ọkàn ń rí tí wọ́n bá bàjẹ́.

Ti titin ló gbà mí lọ́kàn jù. Titin yìí ló tóbi jù nínú gbogbo purotéènì ara èèyàn, amino acid (àwọn ègé kéékèèké tó para pọ̀ di purotéènì) inú ẹ̀ lé ní 34,000, tẹ́jẹ̀ bá kún inú ọkàn òun ló máa ń nà bíi rọ́bà tó tún máa ń fà á padà, olùkọ́ yẹn wá fa sẹ́ẹ̀lì kan díẹ̀díẹ̀ lójú wa títí tá a fi rí ibi tó ti ń nà gan-an. Tí jíìnì titin bá wá gé kù láàárín, ọkàn lè fẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ kágbára ẹ̀ sì tán, nínú àwọn ìdílé tí irú àìsàn yìí ń bá kiri, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ ti titin. Ti dystrophin, purotéènì tó ń di awọ sẹ́ẹ̀lì mú, náà dáa: tí kò bá sí, bí ọkàn ṣe ń lù ni awọ sẹ́ẹ̀lì á máa fàya tí kálísíọ́mù á máa wọlé láìgbàṣẹ.

Ibi tí wọ́n ti bí mi nínú ni ti oògùn kan tó ń jẹ́ colchicine. Wọ́n fi hàn pé ó ń tú microtubule, ìyẹn àwọn ọ̀pá tín-ínrín inú egungun sẹ́ẹ̀lì, ká, pé nínú láàbù ó mú kí sẹ́ẹ̀lì ọkàn tó ti le gbagidi tún lè súnkì dáadáa, lójú ẹsẹ̀ wọ́n ní Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún àrùn ọkàn ní 2023, bíi pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Rárá o jàre! Torí inflammation (wíwú àti gbígbóná) inú òpó ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ṣe fọwọ́ sí ìyẹn, ìwọ̀nba kékeré sì ni, 0.5 mg, torí oògùn yẹn lè pààyàn téèyàn bá lò ó jù.

ACTA2 ńkọ́? Wọ́n kàn sáré kọjá lórí ẹ̀ ni. Jíìnì actin, purotéènì tó ń jẹ́ kí ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ lè súnkì, nìyẹn, tó bá yí padà aorta, òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó jáde látinú ọkàn, lè wú kó sì ya, ó tún lè fa rọpárọsẹ̀ fún ọ̀dọ́, wọn ò tiẹ̀ mẹ́nu ba ti rọpárọsẹ̀ yẹn rárá.

Kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ fi wò ó sha, àwòrán 3D yẹn máa ń há lórí fóònù, àkọlé ìsàlẹ̀ fídíò sì ń kọ “Titan” dípò titin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìràwọ̀ mẹ́ta àtààbọ̀ ni mo fún wọn.