ESR orí tábìlì, ESR ńlá tàbí burétì: èwo ni kí ẹ fowó rà fún àyẹ̀wò oúnjẹ nílẹ̀ Okun?

Bó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ni bóyá epo pupa tí ẹ kó jọ ní Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀ ti bàjẹ́, ẹ má tíì ra ESR (electron spin resonance, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà àti microwave yẹ oúnjẹ wò). Burétì kan (páìpù gíláàsì tí a fi ń kán kẹ́míkà níwọ̀n-níwọ̀n), ìgò díẹ̀ àti kẹ́míkà tí kò wọ́n yóò dáhùn ìbéèrè yẹn. Ìgbà tí ESR tó owó tí wọ́n ń pè é ni ìgbà tí ẹ bá fẹ́ mọ bí epo tó ṣì dára yóò ṣe pẹ́ tó kó tó bàjẹ́, tàbí bóyá ata gbígbẹ àti ẹran eléegun ti gba ìtànṣán gamma kó tó dé ọwọ́ yín. Ẹni tó ń rajà fún kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀, fún yunifásítì tàbí fún ilé-iṣẹ́ kajú ni a ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun tí ẹ̀rọ yìí ń wá

Méjì-méjì ni electron (horo tín-ín-tín inú átọ́ọ̀mù) sábà máa ń wà, bí ọkọ àti aya. Èyí tó bá ṣẹ́kù láìní ẹnìkejì, àpọ́n ni, ara rẹ̀ kì í sì í balẹ̀. Nǹkan tó bá gbé irú àpọ́n bẹ́ẹ̀ sára ni wọ́n ń pè ní radical, òun ló sì wà nídìí bí epo ṣe ń bàjẹ́ nínú afẹ́fẹ́. ESR máa ń gbé oúnjẹ sáàárín òòfà, á fi microwave lù ú, á sì wo ibi tí àwọn àpọ́n náà ti gbé agbára yẹn mì. (Bí ẹ bá rí EPR nínú ìwé ìpolówó, ohun kan náà ni.) Yevgeny Zavoisky ló kọ́kọ́ rí i ní Kazan ní 1944. Ẹ̀rọ X-band ni wọ́n sábà ń lò fún oúnjẹ: microwave rẹ̀ wà ní nǹkan bí 9.5 GHz, òòfà rẹ̀ sì wà ní nǹkan bí 340 mT.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó bá ọjà wa mu gan-an: ESR kì í wo àwọ̀. Ẹni tó bá ti fi burétì yẹ epo pupa wò mọ̀ pé pípọ́n epo náà máa ń bo àyípadà àwọ̀ tó yẹ kó sọ fúnni pé ó tó, dúró. Fún ESR, epo pupa àti òróró ẹ̀pà, ọ̀kan náà ni.

| | Burétì | Rancimat (ẹ̀rọ tó ń fi ooru àti afẹ́fẹ́ ba epo jẹ́ kíákíá) | ESR orí tábìlì | ESR ńlá |
|---|---|---|---|---|
| Ohun tó ń sọ | bí epo ṣe bàjẹ́ tó lónìí | bí yóò ṣe pẹ́ tó nínú ooru 110 °C | bí yóò ṣe pẹ́ tó ní 60–70 °C, ìtànṣán, radical inú kọfí yíyan | gbogbo ìyẹn, àti irin pẹ̀lú bàbà inú oúnjẹ nínú òtútù líle |
| Epo tó ń jẹ | 5 g | 3 g | ẹ̀kán díẹ̀ | ẹ̀kán díẹ̀ |
| Iná | kò nílò | fésì kan | fésì kan | fésì mẹ́ta, àti ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù |
| Ohun tó ń dà á láàmú | àwọ̀ epo, kẹ́míkà tó ti pẹ́ | ìgò tí a kò fọ̀ dáadáa | omi inú oúnjẹ | iná, omi, àyè |

Burétì àti Rancimat

Ẹ wọn 5 g epo, ẹ dà á pọ̀ mọ́ 30 mL àdàpọ̀ acetic acid àti chloroform (3 sí 2), ẹ fi 0.5 mL omi potassium iodide tó ti kún dé góńgó (tí kò lè yọ́ sínú omi náà mọ́) sí i, ẹ mì ín fún ìṣẹ́jú kan, ẹ da 30 mL omi lé e, kí ẹ sì máa kán thiosulfate 0.1 N sí i títí àwọ̀ ìyeyè fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán kí ẹ tó fi sítáàṣì sí i. Peroxide, ohun tí epo ń mú jáde bó ṣe ń bàjẹ́, ni ẹ ń wọn: lójú Codex (ìlànà oúnjẹ àgbáyé), ti epo tí a kò fọ̀ kò gbọdọ̀ ju 15 meq/kg lọ, ti èyí tí a fọ̀ (refined), 10. Bí potassium iodide yín bá ti ń pọ́n nínú ìgò, ẹ dà á nù, nítorí yóò máa purọ́ pé epo tó dára ti bàjẹ́. Ẹ̀tàn kan tún wà tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ: peroxide máa ń gòkè, lẹ́yìn náà ó máa ń já wálẹ̀. Epo tó ti pẹ́ jù nínú kẹ́ẹ̀gì lè mú nọ́ńbà kékeré wá, kó sì máa rùn. Imú yín ṣì wúlò.

Rancimat dára fún ẹni tó fẹ́ to oríṣi epo mẹ́wàá sórí ìlà, èyí tó lágbára jù dé èyí tí kò lágbára. Afẹ́fẹ́ 20 L ní wákàtí kan ni ó ń fẹ́ gba inú epo ní 110 °C. Ṣùgbọ́n kò sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Kábbà tó gbóná tó bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí epo sì ń gbà bàjẹ́ nínú irú ooru yẹn kì í ṣe èyí tó ń gbà bàjẹ́ lábẹ́ òjìji.

ESR orí tábìlì

Èyí ni a rò pé ó tọ́ fún ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ní ìdí láti ra ESR níhìn-ín. Orúkọ tí ẹ máa bá pàdé ni EMXnano àti Magnettech ESR5000 ti Bruker ní Jámánì, SPINSCAN X ti ADANI, àti EPR200M ti CIQTEK láti Ṣáínà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀kan wé èkejì, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé ta ni yóò wá tún un ṣe, láti ìlú wo, àti pé ta ni yóò san owó ọkọ̀ òfurufú rẹ̀. Ìdáhùn ìbéèrè yẹn máa ń ya ẹ̀rọ sọ́tọ̀ ju ìwé ìpolówó lọ.

Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ epo, ẹ má ra á láìsí ohun èlò tó ń mú sáńpù gbóná tó sì ń dá ooru rẹ̀ dúró lójú kan. Radical inú epo kì í pẹ́ kó tó kú, ẹ̀rọ kò sì lè rí i fúnra rẹ̀. Páńpẹ́ ni a fi ń mú un. PBN, kẹ́míkà kan, ni páńpẹ́ tó wọ́pọ̀. Bíi 90 mg rẹ̀ nínú 10 mL epo yóò fún yín ní nǹkan bí 50 mM. Ẹ gbé epo náà sí 60 °C nínú òkùnkùn, ẹ máa fa díẹ̀ jáde ní ààbọ̀ wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wọn gíga ìlà mẹ́ta tí yóò hàn lórí àwòrán tí ẹ̀rọ yà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ya sí méjì. Fún ìgbà kan, gíga náà yóò wà nílẹ̀. Nígbà tí ohun tó ń dáàbò bo epo bá tán, yóò gòkè lójijì. Ibi tó ti ṣẹ́ kọ́rọ̀ yẹn ni nọ́ńbà tí ẹ ń wá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni pé páńpẹ́ fúnra rẹ̀ ń dí bíbàjẹ́ epo lọ́wọ́. Bí ẹ bá fi 50 mM sínú epo kan, tí ẹ fi 80 mM sínú èkejì, PBN ni ẹ ń fi wéra, kì í ṣe epo.

Ohun tó bá lómi nínú ń fẹ́ ọgbọ́n, nítorí omi máa ń gbé microwave mì bí ìgbà tí yanrìn ń fa omi. Fún ọtí tàbí oje èso, ẹ ra kápílárì tín-ín-rín tàbí ìgò pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe fún un. Fún ohun gbígbẹ, páìpù quartz oníwọ̀n 4 mm ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ìgò láàbù lásán fún yín dípò quartz: irin wà nínú rẹ̀, yóò sì kọ orúkọ tirẹ̀ sórí àbájáde yín.

Ata, eegun àti ẹja

Ilé ìtànṣán gamma kan wà ní Sheda, lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Abùjá, cobalt-60 ló sì ń lò. Nítorí náà, ìbéèrè bóyá ata gbígbẹ kan ti gba ìtànṣán kì í ṣe ti òkèèrè nìkan. Ìtànṣán tí òfin gbà láàyè kì í ba oúnjẹ jẹ́ (10 kGy, ìwọ̀n ìtànṣán tó wọlé, ni gbèdéke tí Codex ń lò), àmọ́ ẹni tó ń ra nǹkan lọ́wọ́ yín láti Yúróòpù yóò fẹ́ mọ̀.

Nínú ata, àmì rẹ̀ ni ìlà kékeré méjì tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìlà àárín, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, tí àyè àárín àwọn méjèèjì jẹ́ 6 mT. Ìlà àárín nìkan kò jẹ́rìí ohunkóhun, ó wà nínú ata tí kò rí ìtànṣán rí. Ẹ lo microwave kékeré, bíi 0.4 sí 0.8 mW. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á gbé agbára sókè kí àmì lè tóbi, àmì náà á sì fẹ̀, á rì mọ́lẹ̀. Ohun mìíràn tó ń bo àwọn ìlà wọ̀nyí ni manganese inú ewéko, tó ní ìlà mẹ́fà tirẹ̀. Bí ata kò bá gbẹ tó, ẹ sá a nínú ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan gbẹ, tí kò kọjá 40 °C, ẹ má yan án. Ẹ má sì lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ ata. Ìfọ́ irin tó ń jẹ kúrò lára ẹ̀rọ yẹn yóò da gbogbo ìlà rú. Sísọ́sì tàbí odó agate (òkúta líle) ló tọ́.

Bí oṣù ti ń kọjá, àmì inú ata ń kú lọ. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ kò tíì lè búra pé ata náà kò gba ìtànṣán.

Eegun kò rí bẹ́ẹ̀. Àmì tirẹ̀, ní g (nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí ìlà wà) 2.002 àti 1.998, lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Eegun adìyẹ dára jù. Ti ẹja kò le tó, àmì rẹ̀ sì kéré. Ẹja tí wọ́n fi èéfín yan, èyí tó ń ti etí Ọya wá, ń fẹ́ ìṣọ́ra: èédú ara rẹ̀ ní ìlà ńlá kan ṣoṣo ní àyíká g 2.003, ẹni tí kò mọ̀ á sì pariwo pé òun ti rí ìtànṣán. Ẹ bó awọ àti ẹran kúrò, kí ẹ fọ eegun kó mọ́, kí ẹ tó gbé e wọlé.

Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tí kò ní ohun tó ń ka frequency (iye GHz microwave náà) kò fi wúlò fún iṣẹ́ yìí. g ni 71.4477 lọ́nà GHz, kí ẹ pín in pẹ̀lú mT. Bí microwave bá wà ní 9.45 GHz tí ìlà hàn ní 336.9 mT, g jẹ́ 2.0041. Láìsí nọ́ńbà méjèèjì yìí, èéfín àti ìtànṣán kò ní ìyàtọ̀ lójú yín.

ESR ńlá àti alòkù

ESR ńlá dára, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n òòfà rẹ̀ ń fẹ́ ilẹ̀ kọ́ńkéré, iná fésì mẹ́ta tí kì í ṣẹ́jú, àti omi tútù tó ń yí po láìdúró. Àǹfààní rẹ̀ tó tóbi jù ni iṣẹ́ inú òtútù líle, ìyẹn sì ń fẹ́ nitrogen olómi, tí ẹ gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tó dájú láti máa rí gbà. Bí ẹ kò bá ní ọ̀nà yẹn, ẹrù ìdajì ni ẹ san owó odidi fún.

Alòkù ńlá máa ń wá pẹ̀lú owó tó ń dán ènìyàn wò. Òòfà kì í tètè gbó. Ibi tó ń fà wàhálà ni orísun microwave: èyí tó bá ń lo klystron (tíúbù àtijọ́ tó ń mú microwave jáde), ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ní àfikún, nítorí wíwá òmíràn ṣòro. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ náà, bó bá kú, ìgbà mìíràn kò sí tuntun tó lè bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi àbájáde weak pitch (sáńpù tí a fi ń dán ẹ̀rọ wò bóyá ojú rẹ̀ ṣì mú) tí wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ yẹn ránṣẹ́, kì í ṣe ti ọdún tí wọ́n rà á.

Iná, ọyẹ́ àti ìwé iye owó

Fún ẹ̀rọ orí tábìlì, ẹ ra UPS 3 kVA oríṣi online. Èyí tó jẹ́ pé ìgbà tí iná bá lọ ló ń jí kò wúlò: ìṣẹ́jú àáyá yẹn ti tó láti sọ wákàtí mẹ́ta àyẹ̀wò epo dòfo. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ gbóná fún ààbọ̀ wákàtí ó kéré tán kí ẹ tó wọn ohun kan. Nígbà ọyẹ́, ẹ dí ojú fèrèsé, ẹ sì máa bo ẹnu ihò sáńpù. Eruku pupa ilẹ̀ wa kún fún irin, bó bá wọ inú ihò náà, àmì rẹ̀ kò ní kúrò títí ẹnìkan yóò fi tú u. Láràárọ̀, ẹ fi páìpù òfìfo wọn kí ẹ tó fi sáńpù wọn. Bí òfìfo bá mú ìlà wá, ẹ dúró.

Nínú ìwé iye owó, ẹ wá nǹkan wọ̀nyí kí ẹ tó fọwọ́ sí i: ohun tó ń mú sáńpù gbóná, ohun tó ń ka frequency, páìpù quartz ogún (wọ́n máa ń fọ́, pàápàá lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́), ìgò fún ohun olómi, sáńpù manganese tàbí DPPH (kẹ́míkà tí a ti mọ ibi tí ìlà rẹ̀ wà) fún ìdíwọ̀n, àti ẹ̀kọ́ ọjọ́ mélòó ní ibùdó yín gan-an. PBN kì í sí nínú rẹ̀. Ẹ rà á lọ́tọ̀, díẹ̀díẹ̀, ẹ fi í sínú fíríìjì kúrò lójú ìmọ́lẹ̀, ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára ìgò rẹ̀.