Kọ́ńtíráàsì tí ara kọ̀: ká lo oògùn ìdènà ni, àbí ká pààrọ̀ rẹ̀?

Ẹni tí ara rẹ̀ ti kọ kọ́ńtíráàsì oní-áyódíìnì rí (oògùn tí wọ́n ń fún èèyàn kí inú ara lè hàn kedere nínú àwòrán), tó sì tún gbọ́dọ̀ ya àwòrán CT, ìyẹn àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi X-ray yà, ọ̀nà méjì ló sábà máa ń wà níwájú rẹ̀.

Oògùn ìdènà, tí wọ́n ń lò ṣáájú kí ara má bàa kọ kọ́ńtíráàsì, ni wọ́n mọ̀ jù: prednisone mílígíráàmù 50 nígbà tó bá ku wákàtí 13, 7 àti 1 kí wọ́n ya àwòrán, pẹ̀lú diphenhydramine mílígíráàmù 50 ní wákàtí tó kẹ́yìn. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Bí àwòrán bá jẹ́ aago mẹ́jọ àárọ̀, aago méje alẹ́ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì tún jí ní aago kan òru. Diphenhydramine ń kunni lóorun, ìyẹn ni pé ẹlòmíì ni yóò wa mọ́tò lọ sílé. Prednisone sì ń gbé ṣúgà alátọ̀gbẹ sókè. Síbẹ̀, ara àwọn kan ṣì máa ń kọ kọ́ńtíráàsì náà.

Pípààrọ̀ kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ iohexol, ọ̀kan nínú àwọn kọ́ńtíráàsì yìí, ló fa ara yíyún, wọ́n lè lo òmíràn tó ń jẹ́ iopamidol. Ṣùgbọ́n ó di dandan kí wọ́n mọ orúkọ èyí tí ara kọ̀. Fáìlì tó kàn kọ “kọ́ńtíráàsì” lásán kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. (Ẹni tí ara rẹ̀ kọ edé tàbí akàn kò nílò ìkankan nínú méjèèjì nítorí ìyẹn nìkan.)

Lójú tèmi, pípààrọ̀ ló yẹ kó ṣáájú. Bí ti àtẹ̀yìnwá bá le dé ibi pé èémí fẹ́ẹ̀ pin, kí dókítà kọ́kọ́ wò ó bóyá àwòrán mìíràn, tí kò nílò kọ́ńtíráàsì yìí, lè ṣiṣẹ́ náà. Èyí ó wù kí wọ́n mú, kí abẹ́rẹ́ adrenaline, tí wọ́n fi ń gba ẹ̀mí là bí ara bá kọ̀ gidigidi, wà nítòsí.