Láàbù kan lọ́nà Oyèmẹ́kùn: owó wọn ga, bẹ́ńṣì wọn le

Mi ò ní dárúkọ láàbù yìí, torí mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò nípa ọmọbìnrin tó ń gbowó níwájú ibẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé àyẹ̀wò ojú egbò kiri Àkúrẹ́ rí á mọ ibi tí mò ń sọ.

Àbúrò mi ọkùnrin ló ṣubú lórí ọ̀kadà ní Ọ̀bà-Ilé. Wọ́n fi irin sí i lẹ́sẹ̀ ní ọsibítù. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kó padà sílé ni ojú ọgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọyún. Abẹ́rẹ́ ceftriaxone là ń rà láàárọ̀ lálẹ́, ọjọ́ mẹ́fà gbáko, ọyún ò dá. Kí n má purọ́, èmi náà ti yọ́ lọ ra ampiclox ní kẹ́mísì kan ní Arákàlẹ̀ kún un. Nígbà tí dọ́kítà gbọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó fi òwú orí igi kékeré nu inú ọgbẹ́ náà, ó ní kí n gbé e lọ fún àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní culture, ìyẹn ni pé wọ́n á jẹ́ kí kòkòrò inú ọgbẹ́ náà hù, kí wọ́n lè mọ oògùn tó ràn án.

₦8,500. Ọmọbìnrin yẹn ò kí mi, ó nawọ́ gbowó, ó ní n padà wá ní ọjọ́ kẹta. Mo ní ṣé kò lè yá jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ó ní, "Màmá, ṣé èmi ni n óò bá kòkòrò dàgbà ni?" Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló pa mí.

Ọjọ́ kẹta pé, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì onígi wọn fún wákàtí kan àtààbọ̀. Ọmọkùnrin tó ṣe àyẹ̀wò náà ló yọ mí níbẹ̀. Mo ní mo fẹ́ fojú ara mi rí ohun tí mo sanwó fún. Ó ní, "Ẹ máa bọ̀, Mà, ẹ ṣá má fọwọ́ kan nǹkan kan."

Àwo pẹlẹbẹ kan ni, ohun tó wà nínú rẹ̀ dì bí ẹ̀kọ tútù, kòkòrò sì ti hù bo ojú rẹ̀ bí ẹni fi ìpara pa á. Wọ́n to bébà róbótó-róbótó lé e, kò tó bọ́tìnì ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì. Oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lára bébà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ran kòkòrò náà, òfo á yí i ká. Ọmọ náà mú rúlà, ó ń wọ̀n ọ́n. Aránṣọ ni mí, mo mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dúró tó bá ń wọn nǹkan. Ó nàka sí bébà tí oògùn cefoxitin wà lára rẹ̀: ó yẹ kí òfo rẹ̀ tó mílímítà 22, tiwa ò ju 10 lọ. Ó ní èyí ló fi hàn pé MRSA ni, ìyẹn kòkòrò Staph aureus tí oògùn methicillin àtàwọn ẹbí rẹ̀ ò ràn mọ́, pé ceftriaxone àti ampiclox tí a ti ń náwó lé ò lè rí i gbé ṣe.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ibi tí oògùn máa ń dì mú lára kòkòrò náà ló ti yí padà. Mo ní, àṣé wọ́n ti gé ihò kéré, bọ́tìnì ò wọlé mọ́! Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó tún ní ọdún 1959 ni methicillin jáde nílùú Òyìnbó, nígbà tó fi máa di 1961, ìròyìn ti jáde nípa kòkòrò tó borí rẹ̀. Ọdún tí wọ́n bí mi! Ẹgbẹ́ mi ni kòkòrò yìí. Ó ní ó lè wà nímú ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, kí ọwọ́ tí a ò fọ̀ gbé e láti ibùsùn kan dé èkejì. Mo rántí wọ́ọ̀dù tí àbúrò mi wà, mo kàn dákẹ́.

Oògùn mẹ́ta ṣì ràn án. Dọ́kítà mú clindamycin, wọ́n sì tún ọgbẹ́ náà fọ̀ ní tíátà. Kó tó di ọjọ́ kẹwàá, ó ti ń gbẹ.

Àléébù wọn: wọ́n kọ orúkọ àbúrò mi sódì, mo ní láti tún ìlà tò kí wọ́n tó tẹ òmíràn. Ẹ mú owó tó ṣe déédéé lọ, wọn kì í ní ṣéńjì. Ẹ mú tìmùtìmù dání.