Ẹja Òkun ní Ìlú Tí Kò Ní Òkun: Oúnjẹ Éṣíà àbí ti Látìn n'Íbàdàn?

Ìbàdàn kò bá òkun pààlà. Láti Èkó dé ibí tó nǹkan bíi kìlómítà 130, nítorí náà edé ńlá, kalamárì (ẹran òkun rírọ̀ tó ní apá púpọ̀) àti akàn òkun tí wọ́n bá gbé síwájú yín ní Bódìjà, Jẹ́ríkò, Ring Road tàbí Àkóbọ̀ ti rin ìrìn àjò kó tó dé orí àwo. Bí ẹnì kan bá bi mí pé ilé oúnjẹ wo ni kí òun lọ fún oúnjẹ òkun ti àwọn ará Éṣíà tàbí ti Látìn Amẹ́ríkà, kì í ṣe àga rírọ̀ tàbí iná aláràbarà ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ohun tí mo máa ń wò ni bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹja náà, àti bóyá iná kàn án dáadáa kí wọ́n tó gbé e wá. Ìyẹn ló ya àwọn ilé oúnjẹ yìí sọ́tọ̀ ju orúkọ ilẹ̀ òkèèrè tó wà lára pátákó wọn lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ firísà bà yín lẹ́rù. Edé tí wọ́n dì sínú yìnyín kété tí wọ́n kó o kúrò nínú omi sàn ju èyí tí wọ́n ń pè ní tútù tó sì ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀. Iná mànàmáná ni wàhálà tiwa. Bí iná bá lọ, tí yìnyín yọ́, tí iná tún dé, tí wọ́n tún edé náà dì, ara rẹ̀ á dẹ̀, á máa ṣomi, òórùn rẹ̀ á sì yí padà. Ẹ bi wétà tààrà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni edé yín wọlé? Kí ló ń gbé firísà yín bí kò bá sí iná?" Kò sí àrífín níbẹ̀, owó yín ni. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ jẹ adìyẹ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹja Titus àti àwọn ẹbí rẹ̀ tún ní ti wọn lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá pẹ́ níbi tó gbóná, kòkòrò àìfojúrí máa ń ṣe èròjà kan tó ń jẹ́ hísítámìnì sínú ẹran wọn, sísè kò sì lè mú un kúrò. Ojú ẹni tó bá jẹ ẹ́ á pọ́n, ara á máa yún un, orí á máa fọ́ ọ, ọ̀pọ̀ á sì rò pé ara ẹni náà ni kò gba ẹja. Bí ẹja bá ń ta yín lẹ́nu bí ata níbi tí kò sí ata, ẹ fi í sílẹ̀.

Ilé oúnjẹ Ṣáínà

Nínú oúnjẹ Éṣíà, ti Ṣáínà ló wọ́pọ̀ jù nílùú wa, ibẹ̀ ni mo sì máa kọ́kọ́ rán ẹni tí kò fẹ́ fi owó rẹ̀ dán nǹkan wò. Ìdí rẹ̀ ni agbada wọn tí wọ́n ń pè ní wok. Iná abẹ́ rẹ̀ le, epo inú rẹ̀ gbóná janjan, ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ti tó edé láti jinná. Bí edé bá tẹ̀ kọdọrọ, tí ara rẹ̀ funfun tó sì pọ́n díẹ̀, ó jinná tó. Bó bá ká títí orí fi kan ìrù, wọ́n ti jẹ́ kó pẹ́ jù lórí iná, eyín yín ló máa jìyà rẹ̀.

Ohun tí ẹ bá ní kí wọ́n sè ló máa fi ilé oúnjẹ hàn yín. Ọbẹ̀ pupa tó dùn tó sì kan, èyí tí ṣúgà àti fínígà kún inú rẹ̀, lè bo àṣírí edé tí kò dára mọ́. Edé oníyọ̀ àti ata kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: ìyẹ̀fun díẹ̀ ni wọ́n fi bò ó, wọ́n din ín, wọ́n wá fi ááyù, ata àti àlùbọ́sà eléwé yí i. Òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Èyí tó tún ń tú àṣírí jù ú lọ ni odidi ẹja tí wọ́n fi ooru omi sè bí àwọn ará Guangdong ní gúúsù Ṣáínà ti máa ń ṣe é, pẹ̀lú atalẹ̀, àlùbọ́sà eléwé àti ọbẹ̀ sóyà, tí wọ́n á wá da epo gbígbóná lé lórí. Kò sí ata lílọ̀, kò sí tòmátì. Bí ẹja náà bá ti pẹ́ nílẹ̀, imú yín á sọ fún yín kí ẹ tó gbé ṣíbí.

Mo fẹ́ kí ẹ gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́: ẹ má fi dandan lé ẹja òkun. Àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ pọ̀ n'Íbàdàn àti ní agbègbè rẹ̀, ẹ̀mí ṣì máa ń wà lára ẹja náà nígbà tó bá dé ilé ìdáná. Àwọn ará Éṣíà fúnra wọn kò fojú kéré rẹ̀. Àwọn ará Vietnam máa ń fi í se cá kho tộ: wọ́n á yọ́ ṣúgà lórí iná títí á fi pọ́n, wọ́n á fi ọbẹ̀ ẹja oníyọ̀ àti ata sí i, wọ́n á wá jẹ́ kí ẹja náà rọra jinná nínú ìkòkò amọ̀. Àwọn ará Thailand máa ń fọ́ ẹran ẹja àrọ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n á din ín títí á fi máa ró wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ lẹ́nu, wọ́n á sì fi máńgòrò tí kò tíì pọ́n jẹ ẹ́. Alásè tó bá ń fi ẹja àrọ̀ tàbí ẹpìyà tiwa ṣe oúnjẹ Éṣíà kò rẹ́ yín jẹ. Èmi á yan oúnjẹ rẹ̀ ju ti ẹni tó ń kó croaker tó ti yọ́ lẹ́ẹ̀mejì jáde lọ.

Sushi

Bí ẹ bá rí sushi, ìyẹn ìrẹsì tí àwọn ará Japan ń fi ẹja tàbí ẹ̀fọ́ sí, lórí mẹ́nù, ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó jẹ́. Èyí tí edé bíbọ̀, ẹja dídín tàbí ẹ̀fọ́ wà nínú rẹ̀ kò ní wàhálà púpọ̀. Èyí tí ẹja inú rẹ̀ kò kan iná rárá ni ìbéèrè wà fún. Ìlànà ìjọba Amẹ́ríkà ni pé kí wọ́n fi ọ̀pọ̀ irú ẹja tí a óò jẹ láìsè pa mọ́ sínú òtútù −20°C fún ọjọ́ 7, tàbí kí wọ́n dì í ní −35°C kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 15, kí aràn inú rẹ̀ lè kú. Firísà ilé tí iná rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ kò lè dúró lórí −20°C fún ọ̀sẹ̀ kan. Nítorí náà, ẹni tó ń ta sushi ẹja àìsè gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tí ó ti ra ẹja náà àti bí wọ́n ṣe dì í. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ ra èyí tó jinná. Aláboyún, ọmọdé àti arúgbó kò gbọ́dọ̀ jẹ ti àìsè rárá, ì báà jẹ́ ibi olówó ńlá.

"Akàn" inú ọ̀pọ̀ sushi, igi funfun tó ní ìlà pupa lára yẹn, kì í ṣe akàn. Ẹja funfun ni wọ́n gún, tí wọ́n fi adùn àti àwọ̀ akàn sí. Kò ní ibi nínú, ó tilẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ẹ má san owó akàn lé e.

Ti Látìn

Ilé oúnjẹ tó jẹ́ ti Látìn pọ́ńbélé ṣọ̀wọ́n níbí. Ohun tí ẹ sábà máa rí ni ilé ìgbafẹ́ tó ń ta ṣàwámà, písà àti bọ́gà, tó wá fi taco tàbí fajita (ẹran tàbí edé yíyan pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà) kún un. Ẹ má torí ìyẹn kọ̀ wọ́n, torí oúnjẹ orí iná ni fajita edé, iná rẹ̀ sì máa ń jó o dáadáa. Taco ẹja, bí wọ́n ti ń ṣe é ní Baja California ní Mẹ́síkò, ni ẹja funfun tí wọ́n rì bọ inú ìyẹ̀fun pípò, tí wọ́n din, tí wọ́n wá fi kábéèjì, ọbẹ̀ funfun àti ọsàn wẹ́wẹ́ sí lórí àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi àgbàdo tàbí ìyẹ̀fun ṣe. Bí ó bá jẹ́ búrẹ́dì ṣàwámà ni wọ́n fi ṣe é fún yín, kò burú, ṣùgbọ́n kí owó rẹ̀ jọ owó ṣàwámà.

Ceviche ni mo ń kìlọ̀ lé lórí. Oúnjẹ tí Peru fi ń yangàn ni, àjọ UNESCO sì ti kọ àṣà sísè àti jíjẹ rẹ̀ sínú àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ayé ní 2023. Ẹja àìsè ni wọ́n ń rẹ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata. Omi ọsàn náà máa sọ ẹran ẹja di funfun bí èyí tó ti jinná, àmọ́ kì í pa aràn, kì í sì í pa gbogbo kòkòrò àìfojúrí. Ní Lima, olú ìlú Peru, etí òkun ni wọ́n wà, ọ̀sán ni wọ́n sì sábà máa ń jẹ ẹ́, nígbà tí ẹja àárọ̀ ṣì dára. Ìbàdàn kò ní àǹfààní yẹn. Bó bá wù yín jẹ, ẹ ní kí wọ́n ṣe ti edé bíi ti Ecuador, nítorí wọ́n máa ń bọ edé náà kí ó tó kan ọsàn. Ẹ ó gbádùn kíkan àti ata rẹ̀, ẹ ó sì sùn dáadáa lálẹ́.

Peru náà ló so ìhà méjèèjì ìfiwéra yìí pọ̀. Àwọn ará Ṣáínà dé ibẹ̀ láti 1849, àwọn ará Japan sì tẹ̀ lé wọn ní 1899, oúnjẹ wọn sì wọnú ti ìlú. Ìrẹsì díndín tó ní edé àti kalamárì, tí wọ́n ń pè ní arroz chaufa de mariscos, kò jìnnà sí èyí tí alásè Ṣáínà ní Ring Road lè ṣe fún yín lálẹ́ òní. Ẹni tó ń wá adùn Látìn lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ Látìn tó yẹ kí gbogbo ará Ìbàdàn mọ̀ wá láti Bahia ní Bràsíl. Moqueca ni: ẹja tàbí edé nínú epo pupa, wàrà àgbọn, tòmátì, àlùbọ́sà, ata àti ewé coriander, tí wọ́n sè nínú ìkòkò amọ̀. (Ní Espírito Santo, ìpínlẹ̀ mìíràn ní Bràsíl, wọn kì í fi epo pupa tàbí àgbọn sí tiwọn.) Ní Salvador, olú ìlú Bahia, bákan náà, àwọn ìyá tó wọ aṣọ funfun máa ń din àkàrà ẹ̀wà nínú epo pupa ní ìta gbangba, wọ́n á là á, wọ́n á ki edé gbígbẹ sínú rẹ̀, ìjọba Bràsíl forúkọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè ní 2005. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ló gbé àkàrà àti epo pupa dé ibẹ̀, ó sì máa ń dùn mí pé moqueca kì í sábà sí lórí mẹ́nù wa. Yàtọ̀ sí ewé coriander, kò sí èròjà moqueca tí kò sí ní ọjà Bódìjà, sísè ló sì jinná dáadáa. Bí ẹ bá mọ alásè tó ń gba iṣẹ́ oúnjẹ fún àpèjẹ, ẹ ní kó se é fún yín.

Owó, ẹ̀sìn, àti oúnjẹ gbígbé wálé

Ní ti owó, bí ẹ bá pọ̀, ti Ṣáínà ló sàn. Àárín tábìlì ni wọ́n máa ń gbé àwo sí, ènìyàn mẹ́rin lè fi àwo edé kan, ẹja kan àti ìrẹsì méjì yó. Taco àti fajita jẹ́ ti olúkúlùkù, owó rẹ̀ sì máa ń gùn bí èrò bá ń pọ̀ sí i. Ẹni méjì péré ní ilé ìgbafẹ́ nìyẹn yẹ fún. Níbi yòówù kó jẹ́, ẹ béèrè bóyá iye tó wà lórí mẹ́nù ti ní VAT nínú, ìyẹn ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, àti bóyá wọ́n ń fi owó iṣẹ́ kún un. Bó bá jẹ́ pé ìwọ̀n ni wọ́n fi ń ta ẹja, ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín kí wọ́n tó sè é.

Mùsùlùmí ní láti béèrè ohun tó ju ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lọ. Alásè Ṣáínà lè fi ọtí ìrẹsì sínú ọbẹ̀, ti Japan lè fi mirin (ọtí ìrẹsì dídùn) sí i, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń bo taco ẹja sì lè ní bíà nínú. Ẹ tún béèrè bóyá agbada tí wọ́n fi din ẹlẹ́dẹ̀ náà ni wọ́n fi din edé. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba edé kò gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé pé ẹ̀fọ́ nìkan ni òun béèrè, nítorí ọbẹ̀ ẹja oníyọ̀ àti ọbẹ̀ òísítà máa ń wọnú ẹ̀fọ́ Éṣíà.

Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n gbé e wálé fún yín, yálà nípasẹ̀ áàpù Chowdeck tó ń gbé oúnjẹ kiri tàbí ọlọ́kadà tiwọn, ìrẹsì díndín àti edé oníyọ̀ àti ata máa ń dé dáadáa. Taco á ti rọ̀ kó tó dé Àkóbọ̀; ẹ ní kí wọ́n di ẹja, kábéèjì àti ọbẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ wá tò ó fúnra yín nílé. Ẹ má ra sushi àìsè tàbí ceviche gba ọwọ́ ọlọ́kadà nígbà tí oòrùn bá mú, kódà bí ẹ bá mọ ẹni tó ṣe é.