Blender lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin

Tí ẹ bá bi mí pé sọ́fútíwíà wo ni kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin fi ṣe fíìmù kàtúùnù wọn, Blender ni màá dá yín lóhùn, n kò sì ní máa wá ọ̀rọ̀ kiri kí n tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń yìn ín kọ́ ni màá fi yìn ín. Bí iná ṣe ń dán lára gíláàsì, bí omi ṣe ń ṣàn, bí irun ṣe ń fẹ́ lẹ́lẹ́, gbogbo rẹ̀ dára lóòótọ́, àmọ́ àwọn kọ́ ló gbé wa dé òpin fíìmù wa. Ohun tó gbé wa débẹ̀ ni nǹkan kékeré kan tó fara pamọ́ sínú àtẹ File, Link lorúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ àṣekágbá wa ní ilé ẹ̀kọ́ ni fíìmù náà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni: ọmọdébìnrin kan ń lé agbòjò rẹ̀ tí atẹ́gùn gbé lọ, láti ojú fèrèsé ilé títí dé orí afárá. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Olùdarí wa ló ní kó rí bẹ́ẹ̀. A kọ́kọ́ rò pé torí ẹwà ìtàn ni, àṣé ó ti jókòó ṣírò iye wákàtí tí mímú ètè bá ọ̀rọ̀ mu máa ń jẹ. Òun ló ń ya ìtàn, òun náà ló ń mú ọmọ náà rìn. Ẹnì kan ń kọ́ ilé àti òpópónà, ẹnì kan wà nídìí ìró, èmi sì wà nídìí eegun tó ń mú ọmọ náà gbé apá gbé ẹsẹ̀, nídìí iná, àti nídìí fáìlì. Ẹ má fojú kéré nídìí fáìlì o.

Bí Link ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ọmọ náà wà nínú fáìlì tirẹ̀, agbòjò wà nínú tirẹ̀, òpópónà wà nínú tirẹ̀, ṣọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn apá fíìmù tí kámẹ́rà yà láìdáwọ́ dúró, sì ní fáìlì tirẹ̀. Tí mo bá fẹ́ to ṣọ́ọ̀tì kan, n kì í da ọmọ náà kọ síbẹ̀, ṣe ni mo ń so ṣọ́ọ̀tì náà mọ́ fáìlì tí ọmọ wà. Ọmọ á yọjú nínú ṣọ́ọ̀tì mi, ṣùgbọ́n fáìlì àkọ́kọ́ yẹn ṣì nilé rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹni tó fi kọ̀ǹpútà mọ ọmọ náà bí ère bá rí i pé irun rẹ̀ ti gùn jù, á gé e níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí a bá sì tún ṣí àwọn ṣọ́ọ̀tì wa, a ó bá irun ní gígé nínú gbogbo wọn. Ẹni tó bá ti gbé àtúnṣe kan kiri láti fáìlì dé fáìlì rí ló mọ adùn ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí a bá so báyìí kì í gbà kéèyàn fọwọ́ kàn án, àfi tí a bá fi Library Override sí i. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọmọ náà lè sáré nínú ṣọ́ọ̀tì tèmi, kó jókòó nínú ṣọ́ọ̀tì ẹlòmíràn, kí ti orísun má sì bàjẹ́. Ó máa ń rújú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí ó ní ohun tó ṣeé yí padà, ó ní èyí tí kò ṣeé yí, kò sì fi ọ̀pá ìtọ́sọ́nà kankan síbẹ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lórí àpótí lásán kí ẹ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ̀dá tó léegun.

Ẹ rí i dájú pé ọ̀nà tó lọ sí fáìlì tí ẹ so bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú //, kí Blender lè máa wá a láti ibi tí ṣọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ wà. Tó bá jẹ́ orúkọ díìsìkì inú kọ̀ǹpútà ẹnì kan ló fi bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà ẹnì kejì ò ní rí nǹkan kan. Àwòrán tí Blender bá wá tì, píǹkì ló fi ń kun ojú ibẹ̀, píǹkì burúkú tí kò bá àwọ̀ kankan láyé tan. Ìwà yẹn wù mí. Ó sàn kó pariwo ju kó dákẹ́ kí ògiri kàn funfun, kó wá di ọjọ́ ìfihàn kí olùkọ́ tó rí i.

Àbùkù rẹ̀ tó tóbi jù fún ẹgbẹ́ wá ni pé Blender ò mọ̀ pé ẹ pọ̀. Ènìyàn méjì ò lè jọ wà nínú fáìlì kan kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Tẹ́ ẹ bá jọ ṣí i láti orí díìsìkì àjọlò, ti ẹni tó bá save kẹ́yìn ló máa bo ti ẹnì kejì mọ́lẹ̀. Nítorí náà a ya tábìlì kan: nọ́ńbà ṣọ́ọ̀tì, ẹni tó ni ín, ibi tó dé. A fi mẹ́wàá mẹ́wàá ka ṣọ́ọ̀tì, 010, 020, 030, kó lè jẹ́ pé tí olùdarí bá ní kí a ki ohun kan bọ àárín, 015 á ti ní àyè. Ó sì ń ki nǹkan bọ àárín lóòótọ́, léraléra. Ní tèmi, àbùkù yìí ṣe wá lóore. Ẹgbẹ́ tí kò bá mọ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀tì wo, sọ́fútíwíà tó gbówó lórí jù láyé ò lè gbà á.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa Grease Pencil dáadáa, nítorí àwọn tó mọ Blender mọ́ ilé àti mọ́tò nìkan kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Pẹ́ńsù ni, ṣùgbọ́n inú ayé tó ní jíjìn àti gíga lo ti ń fà á. Olùdarí wa á ya ọmọ náà ní ilà mẹ́ta mẹ́rin, á gbé ilà náà dúró sórí òpópónà tí ẹnì kejì ti fi àpótí lásán tò, á wá gbé kámẹ́rà yí i ká. Kí ẹnikẹ́ni tó fi kọ̀ǹpútà mọ ojú kan ṣoṣo, a ti mọ ibi tí kámẹ́rà máa dúró sí. A kó àwọn àwòrán yẹn sínú Video Sequencer, ibi tí a ti ń to fídíò àti ìró tẹ̀ léra nínú Blender náà, a fi ìró atẹ́gùn tí a gbà sílẹ̀ sí i lábẹ́, ó di animatic, ìyẹn fíìmù àfidánwò tí a fi àwòrán lásán tò. Ibẹ̀ ni ìtàn ti sọ ara rẹ̀ di kékeré. Apá kan wà tí agbòjò wọ inú ilé kan lọ tó tún jáde. Lójú ìwé, ó dùn. Nínú animatic, gbogbo wa ń wo aago. A gé e, kò sì dun ẹnikẹ́ni, torí kò tíì sẹ́ni tó kọ́ ilé yẹn.

Ìṣírò ló ń dẹ́rù ba àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀, ó sì yẹ kó bà wọ́n. Frame ni àwòrán kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀ léra di fíìmù. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ní frame 24 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ frame 5,760. Blender ní ọ̀nà méjì tí a jíròrò lé láti fi render, ìyẹn láti sọ ohun tí a tò di àwòrán tó parí. Cycles ń tọpa bí ìtànṣán iná ṣe ń ta káàkiri, ó lẹ́wà, ó sì lọ́ra. Tí frame kan bá gba ìṣẹ́jú márùn-ún péré, gbogbo fíìmù á gba wákàtí 480, ìyẹn ogún ọjọ́ gbáko lórí kọ̀ǹpútà kan láìsinmi. Eevee, tó dé pẹ̀lú Blender 2.80 ní 2019, ń lo ọgbọ́n irú èyí tí géèmù ń lò. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ló ń lò lórí frame kan, wákàtí 16 ni. Eevee la mú. Òjìji rẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ òótọ́, dígí rẹ̀ náà sì máa ń parọ́, ṣùgbọ́n a lè tún ṣọ́ọ̀tì kan ṣe lálẹ́ kí a wò ó láàárọ̀, ìyẹn sì ni akẹ́kọ̀ọ́ nílò ju òjìji tó péye lọ. Flow, fíìmù tí Gints Zilbalodis ará Latvia darí, tó gba Oscar ní 2025, Blender ni wọ́n fi ṣe é, Eevee ni wọ́n sì fi render rẹ̀. Kí ẹ tó fi ìyẹn dá ara yín lọ́rùn, ẹ rántí pé ó gbà wọ́n ju ọdún márùn-ún lọ.

Ẹ má render tààrà sí fídíò o. PNG, ìyẹn fáìlì àwòrán, ni kẹ́ ẹ gbé e jáde sí, frame kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá kú ní frame 900, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ láti 901.

Kíkọ́ rẹ̀ ńkọ́? Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ ṣí i, bí ẹni wọ ilé onílé lóru ni. Ìka lórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà ló ń sáré níbẹ̀ ju asin (mouse) lọ: G láti gbé nǹkan, R láti yí i, S láti mú un tóbi tàbí kó kéré. Àwọn fídíò ìkọ́ni pọ̀ jaburata, ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún tí wọ́n ṣe wọ́n. Ohun tó bá ti ṣáájú 2.80, bọ́tìnnì ọ̀tún asin ni wọ́n fi ń yan nǹkan, àwọn àtẹ náà sì yàtọ̀ pátápátá. Ó tún ní ìwà kan tó yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ mọ̀: àwọ̀ tí ẹ pò tí kò sí lára nǹkan kankan, ẹ kò ní bá a níbẹ̀ mọ́ tẹ́ ẹ bá tún ṣí fáìlì, àfi tẹ́ ẹ bá tẹ àmì apata tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, kí fáìlì má baà wú, ṣùgbọ́n kò dára kí irú òfin bẹ́ẹ̀ fara pamọ́ sẹ́yìn àmì kékeré.

Agbòjò náà, a kò fi ìṣesí aṣọ ti Blender, tó ń ṣírò fúnra rẹ̀ bí aṣọ á ṣe máa fẹ́, ṣe é. Ìṣesí aṣọ ń gbọ́ ti atẹ́gùn, kì í gbọ́ ti olùdarí. Eegun mẹ́jọ ni mo fi sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọ̀pá agbòjò kan, olùdarí sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó ní agbòjò náà gbọ́dọ̀ ní ìgbéraga. Kò sí bọ́tìnnì ìgbéraga nínú ìṣesí aṣọ.

Ti ìró kúrú díẹ̀. Sequencer tó fún animatic, kò tó fún àpòpọ̀ ìkẹyìn. Ẹni tó wà nídìí ìró wa gbé fíìmù lọ sínú sọ́fútíwíà ìró gidi, ibẹ̀ ló sì parí rẹ̀ sí.

Ọ̀fẹ́ ni Blender, gbogbo ayé mọ ìyẹn. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kì í rò ni ọjọ́ tó bá jáde nílé ẹ̀kọ́. Àṣẹ ìlò ti akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀pọ̀ sọ́fútíwíà olówó ń fúnni máa ń parí lọ́jọ́ kan, fáìlì rẹ á wá wà lọ́wọ́ rẹ, o ò sì ní lè ṣí i. Ti Blender kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2002, nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ni ín kógbá wọlé, Ton Roosendaal ará Netherlands kó ẹgbàágbèje ènìyàn jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n dá 100,000 euro láàárín ọ̀sẹ̀ méje, wọ́n sì fi ra kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Láti oṣù kẹwàá ọdún náà ló ti wà lábẹ́ GNU GPL, àṣẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè lo kóòdù rẹ̀ kó sì tún un ṣe. Fíìmù tẹ́ ẹ bá fi ṣe, tiyín ni.

Ẹni tó bá fẹ́ kàtúùnù tí wọ́n fọwọ́ yà pátápátá lórí pépà, tí kò nílò kámẹ́rà tó ń rìn yí nǹkan ká, lè má rí ìdí láti wọ inú gbogbo wàhálà yìí. Àwọn tó kù, kí gbogbo yín gbé irú ẹ̀dà kan náà sórí kọ̀ǹpútà yín lọ́jọ́ kan náà. Èyí tó ní LTS, ìyẹn ẹ̀dà tí wọ́n ń tọ́jú pẹ́, lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú, torí ọdún méjì ni wọ́n fi ń tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe láìfi nǹkan tuntun dà á rú. Tí tuntun bá jáde lágbedeméjì iṣẹ́, ẹ jẹ́ kó máa lọ.