Ímeèlì ilé-iṣẹ́: ilé tara ẹni, ilé àyágbé, àbí ká pín in sí méjì?

Ẹ lè ra server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí yóò máa gba lẹ́tà tí yóò sì máa fi wọ́n ránṣẹ́, sí yàrá kan nínú ọ́fíìsì, kí ẹ fi sọ́fítíwíà ímeèlì bíi Postfix àti Dovecot tàbí Microsoft Exchange sí i: ilé tara yín nìyẹn. Ẹ lè máa san owó oṣooṣù fún Google Workspace, Microsoft 365 tàbí Zoho Mail: àyágbé nìyẹn. Ẹ sì lè fi domain kan ṣoṣo (orúkọ tó ń tẹ̀lé @ nínú àdírẹ́sì yín) ṣe méjèèjì, kí àpótí àwọn kan wà nínú ilé, kí ti àwọn yòókù wà níta. Mo ti bá àwọn tó ń lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣiṣẹ́. Tèmi ni pé ilé-iṣẹ́ tí kò bá sanwó fún ẹni tí yóò dìde lóru nítorí server, kó má wulẹ̀ rà á.

Iná àti okùn

Server ọ́fíìsì kì í sùn. Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, inverter, bátìrì, epo jẹnẹrétọ̀ àti AC ni yóò máa jẹ. Bó bá kú fún wákàtí mélòó kan, lẹ́tà kì í ṣègbé: server ẹni tó kọ̀wé yóò máa padà wá kan ilẹ̀kùn, ìlànà SMTP tí ímeèlì fi ń rìn sì ní kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún kó tó sọ ìrètí nù. Oníbàárà tó ń retí èsì lónìí kò kúkú mọ ìyẹn.

Ayálégbé bọ́ lọ́wọ́ wàhálà iná, àmọ́ kò bọ́ lọ́wọ́ okùn. Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Àbíján. Tí àpótí yín bá wà lókè òkun, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì lọ, ẹ ò lè kọ̀wé sí ẹni tó jókòó sí tábìlì kejì. Ẹni tó ní server nínú ilé lè ṣe é.

Kí lẹ́tà yín má bàa bọ́ sí spam

Ibí ni server ilé ti ń ṣubú. Ó nílò IP (nọ́ńbà àdírẹ́sì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tí kì í yí padà. PTR, ìyẹn orúkọ tí IP náà ń jẹ́, ọwọ́ ISP, ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín, ló sábà máa ń wà. Àwọn ISP mìíràn sì ti port 25 pa, ìyẹn ilẹ̀kùn tí server fi ń gbé lẹ́tà fún server mìíràn. Láti oṣù kejì ọdún 2024, Gmail ń béèrè SPF (àkọsílẹ̀ àwọn server tó lè fi orúkọ yín kọ̀wé) tàbí DKIM (òǹtẹ̀ lára lẹ́tà) lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń kọ̀wé sí i, ó sì ń béèrè méjèèjì pẹ̀lú DMARC (ohun tí ẹ ní kí wọ́n fi lẹ́tà tí kò bá yege ṣe) lọ́wọ́ ẹni tó ń fi 5,000 lẹ́tà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́ lóòjọ́. Bí ẹ bá fẹ́ server ilé dandan, ẹ jẹ́ kí àwọn ti ìta máa bá a gbé lẹ́tà jáde.

Owó

Àyágbé ń ka orí, wọ́n sì lè kà á ní dọ́là. Bí náírà bá wálẹ̀, owó yín gòkè. Server ilé dà bí àràlẹ́ẹ̀kan, títí tí díìsì yóò fi bàjẹ́. Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹni tó fẹ́ ta server tòkunbọ̀ tó ní Exchange 2019 nínú fún yín: Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025.

Pípín sí méjì

Ó wu àwọn tó ní ọgbọ̀n òṣìṣẹ́ tí mẹ́jọ péré ń bá ará ìta kọ̀wé. MX ló ń sọ fún ayé ibi tí wọn yóò gbé lẹ́tà yín lọ. Ẹ jẹ́ kó tọ́ka síta, kí ti ìta sì máa fi lẹ́tà àwọn ará ilé ṣọwọ́ sílé. Bó bá tọ́ka sílé, ọjọ́ tí iná bá lọ, gbogbo yín lẹ jọ wà nínú òkùnkùn.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé server kọ̀ọ̀kan lè rò pé òun nìkan ló ni domain. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń yá ènìyàn ní àga àti ìbòòji pè mí pé wẹ́ẹ̀bù àwọn ò mú oníbàárà wá mọ́. MX wọn ti tọ́ka síbòmíràn, ṣùgbọ́n nínú cPanel, ojú ìwé tí wọ́n fi ń ṣàkóso ibi tí wẹ́ẹ̀bù wà, Email Routing ṣì wà lórí Local, ìyẹn pé kí lẹ́tà dúró síbẹ̀. Gbogbo ohun tí ènìyàn kọ sínú fọ́ọ̀mù ń já sínú àpótí tí ẹnikẹ́ni ò ṣí. Mo yí i sí Remote, kí lẹ́tà máa lọ síbi tí MX tọ́ka sí, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan. A wá ṣí àpótí náà: obìnrin kan ń bèèrè igba àga fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ìgbéyàwó sì ti kọjá lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀gá wọn kàn ń wo ojú mi.

Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa sọ pé “ẹni tí mi ò bá mọ̀, ọ̀dọ̀ ìkejì ni.” Orúkọ tí ẹnìkan bá ṣì kọ yóò máa lọ yóò máa bọ̀ láàárín wọn bíi bọ́ọ̀lù. Ẹ̀gbẹ́ kan gbọ́dọ̀ lè sọ pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi lẹ́tà mẹ́rin ránṣẹ́ níṣojú yín: láti ìta sílé, láti ilé síta, láti fọ́ọ̀mù wẹ́ẹ̀bù, àti sí orúkọ tí kò sí rárá. Mẹ́ta gbọ́dọ̀ dé, ìkẹrin gbọ́dọ̀ padà wá. Bí ìkẹrin kò bá tíì padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fi owó yín sápò ná.