Ẹ̀rọ CNC orí tábìlì yìí lórí igi líle: bí ẹ ṣe máa ṣẹ́gun gbígbọ̀n rẹ̀

"Ẹ dín ìrìn rẹ̀ kù." Gbogbo ohun tí customer care àwọn tó ṣe ẹ̀rọ CNC yìí (ẹ̀rọ agégi tí kọ̀ǹpútà ń darí) mọ̀ ọ́n sọ nìyẹn. Mo fi fídíò ránṣẹ́: bíìtì 6 mm eléyín méjì ń gé ìrókò, ó ń han gooro, etí ibi tó gé sì rí gbágungbàgun bí ẹnu ayùn. Spindle, ìyẹn mọ́tò tó ń yí bíìtì, ń yí nígbà 24,000 ní ìṣẹ́jú kan; ìrìn, ìyẹn bí bíìtì ṣe ń yára la igi kọjá, sì jẹ́ 1,200 mm ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ní kí n gbé ìrìn wá sí 600. Ariwo tún le sí i, igi ń jó dúdú. Èsì tó tún wá? Kí n gbé e wá sí 300!

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀ ná. Ẹ sọ iye yíyí di ìlọ́po iye eyín, kí ẹ fi pín ìrìn. Ní 600, eyín kọ̀ọ̀kan ń bu 0.0125 mm péré. Irú eyín bẹ́ẹ̀ kì í gé igi mọ́, ó kàn ń ha á lára ni, ooru rẹ̀ sì ń jó o. Spindle ló yẹ kó wálẹ̀: 12,000 pẹ̀lú 1,200 fúnni ní 0.05 mm, èérún pákó gidi ló sì ń jáde, kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú.

Nígbà tí mo yarí, wọ́n gbé mi fún bọ̀dá kan lára àwọn onímọ̀ẹ̀rọ wọn. Ọ̀gá ni, kí n má purọ́. Kò tilẹ̀ béèrè ìrìn. Ó ní kí n pa iná ẹ̀rọ, kí n fi ìka yí wíìlì kọ̀ọ̀kan: èyí tó bá ń yí lófìfo lórí irin ti tú. Méjì ń yí, ti Z (apá tó ń gbé spindle lọ sókè sódò) ni méjèèjì. Ẹ fi sípánà yí nọ́ọ̀tì tí ihò rẹ̀ ò sí láàárín, díẹ̀díẹ̀, títí wíìlì ò fi ní yí lásán mọ́. Tí ẹ bá fún un kọjá ibẹ̀, wíìlì á jẹ. Ó tún ní kí n ti bíìtì wọ collet, ìyẹn ọ̀rùka tó ń di bíìtì mú lẹ́nu spindle, kí 30 mm tó yọ síta di 20. Bíìtì tó yọ 30 ń tẹ̀ ju ti 20 lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ó lé. Ẹ má jẹ́ kí collet gbá eyín mú o. 1 mm ni kí ẹ máa gé wọlé lẹ́ẹ̀kan.

Etí igi ti wá ń dán báyìí, ó dùn mọ́ mi nínú dénú. Kíláàǹpù oníke inú páálí, ẹ dà á nù. Ó ń tẹ̀. Ìsó onídè ni kí ẹ fi di igi mọ́ pákó ìsàlẹ̀, nítòsí ibi tí ẹ ń gé.

Ìràwọ̀ 5 nínú 5. Sípánà tó bá a wá nípọn jù, kò wọ ẹ̀yìn wíìlì Z. Ẹ wá èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́.